Ońṣẹ́ Tí Kì Í Wọlé

Oòrùn ti ga lójú ọ̀nà Ìdìrókò nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ẹfúnkẹ́ gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ abọ́ oníke kan nítòsí Ìyànà Ìyẹsí. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tó ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀ ló fẹ́ gún fún àwọn òṣìṣẹ́, yìnyín inú kúlà sì ti ń yọ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló pè é, ṣùgbọ́n fóònù ọ̀gá kò lọ. Ojú Bàbá Fàlílù, mẹ́gáàdì ibẹ̀, nìkan ló rí ní fèrèsé kékeré ara géètì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn."

"Káàárọ̀, nọ́ọ̀sì. N ò ní ṣí i."

Ẹfúnkẹ́ béèrè ìdí. Bàbá ní lọ́jọ́ tí òun gba ti àkọ́kọ́, ńṣe ni òun ń gbọ̀n bí adìẹ tí òjò pa. Àìsàn ni nọ́ọ̀sì gbé wọlé lọ́jọ́ náà, kò sì ní gbé òmíràn wọlé lójú òun.

"Bàbá, kì í ṣe àìsàn. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ yín ló rí àjèjì, tí wọ́n ń ránṣẹ́ síra wọn. Sáítókáìnì là ń pe ońṣẹ́ wọn."

"Ta ló jẹ́ kí ońṣẹ́ yẹn wọlé?"

"Kò wọlé."

"Kò wọlé, mo sì gbọ̀n. Tó bá wá wọlé ńkọ́?"

Ẹfúnkẹ́ wo kúlà rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, bí ẹnì kan bá jíṣẹ́ wá síbí, ṣé ó máa ń wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ni?"

"Lójú ta ni? Ìta ni yóò dúró. Èmi ni n ó sọ fún akọ̀wé, akọ̀wé á sọ fún ọ̀gá."

"Bí sáítókáìnì náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ilé kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, kọ̀ọ̀kan wọn ní àwọn mẹ́gáàdì lẹ́nu ọ̀nà. Ońṣẹ́ á di méjì nínú wọn mú, á fà wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá ti fara kanra, wọ́n á ta àwọn tó wà nínú jí, àwọn yẹn á sáré gbé iṣẹ́ náà dé yàrá ọ̀gá, ọ̀gá á sì pàṣẹ kí wọ́n máa rọ ohun ìjà."

Inú Bàbá dùn láti gbọ́ pé mẹ́gáàdì wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Ẹfúnkẹ́ rò pé géètì fẹ́ ṣí.

"Ta ló ń bọ́ wọn?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ̀bà tí ẹ ń jẹ."

"Mo bọ́ wọn yó, wọ́n wá fi ibà dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mi."

"Ooru iṣẹ́ ni, Bàbá. Bí ẹ̀rọ bá ń rọ abọ́ nínú ibẹ̀ yẹn, ṣé kì í gbóná ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó ń gbóná. A ò sì pe dókítà rí."

Ó wá béèrè bóyá òun yóò tún gbọ̀n. Ẹfúnkẹ́ kò purọ́ fún un: ó lè rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àrùn ẹ̀dọ̀ gidi bá yọjú, àwọn ọmọ ogun á ti dá a mọ̀.

Bàbá ká apá aṣọ rẹ̀ dé èjìká, ó na apá jáde lójú fèrèsé. Ẹfúnkẹ́ nu ún, ó gún un.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ wá ṣílẹ̀kùn wàyí."

Ìyanu hàn lójú Bàbá. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mi pé ońṣẹ́ kì í wọlé."

Bàbá kọjú sí ọgbà, ó gbé ohùn sókè:

"Ẹ̀yin ará inú, ẹni tó bá ní apá, kó gbé e wá sẹ́nu géètì."