Àlàó Atọpinpin, Ọdẹ Apólò

Àlọ́ yìí kò dá lórí Ìjàpá, ẹ̀yin ọmọ. Orí ọkọ̀ Ìjàpá ló dá lé, fọ́sìwágìn kékeré aláwọ̀ ọsàn tí Àlàó rà lọ́dún tí ìjọba san owó Údójì fáwọn òṣìṣẹ́. Ìjàpá inú àlọ́ gbọ́n, ìwọra ló máa ń pa á. Ti Àlàó, ìwọra pé síbẹ̀ ṣáká. Ọgbọ́n ló gbàgbé sílé.

Àlàó Atọpinpin! Ọmọ a-wojú-àlejò-mọ-ohun-tó-jẹ-lánàá! Ọkùnrin gìrìwò tó ń fi gógùlù dúdú rìn nínú òjò, kí òjò lè mọ ẹni tó ń pa. Láyé òyìnbó, ó bá wolé-wolé ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Báàgì wolé-wolé ló ń gbé. Wolé-wolé a wọlé, Àlàó a dúró síta ti báàgì. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi owó yanrìn títà kọ́lé sí Egbédá, báàgì pòórá nínú ìtàn, wolé-wolé nìkan ló kù.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun ún: Ìjàpá rẹ̀ kò níbùsùn. Iwájú ilé rẹ̀ gan-an ni àtíbàbà Sìdíkátù wà, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń dirun. Baálẹ̀ ló fi í síbẹ̀ kí Àlàó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bọ́ ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ arúgbó. Àlàó bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó tilẹ̀ da omi ọṣẹ síbẹ̀. Sìdíkátù a kàn kúnlẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀, sà." A tún jókòó.

Àfìgbà tí Apólò dé.

Ẹ̀yin àgbà rántí. Nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ lọ sínú òṣùpá, tí ojú ń pọ́n káàkiri, a ní eruku òṣùpá ni wọ́n gbọ̀n lé wa lórí, a sì sọ àrùn náà ní Apólò. Ìyẹn wá, ó lọ. Lọ́dún tí à ń wí yìí, òmíràn yọ tí kò jọ ti àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ ń da omi, èyí ń da ipin. Ti àkọ́kọ́ a máa mú ojú kan, èyí kì í dá ìkan sí, á sì pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Apólò tuntun ni!" Àlàó kígbe níwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. "Ti ìjọ́sí, Apólò Kọkànlá ni. Èyí, Ìkẹtàdínlógún ni! Ṣé ẹ rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni òyìnbó lọ ni? Kòkòrò yẹn ti pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tó bá máa mú un, àfi kó tọpinpin rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Èmi ni mo sì kọ́ṣẹ́ ẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ló gba orúkọ: Atọpinpin.

Ẹ má bi mí léèrè ojú tirẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tó ti Kútọnu dé, níbi tó ti lọ ra léèsì funfun. Láti ọjọ́ náà, kì í bọ́ gógùlù mọ́, kódà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú ń yún un, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ fún Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ pé eruku Kútọnu ni. Ti àwa tálákà nìkan ni eruku òṣùpá.

Atọpinpin po tìróò mọ́ búlùú ìfọṣọ. Ó kọ́kọ́ lé e sójú ara rẹ̀, ó tún fi gógùlù rẹ̀ bojú, ó bọ́ síta.

"Sánmọ̀ ni ilé Apólò," ó ń ṣàlàyé. "Tó bá rí búlùú lójú yín, á rò pé òun ti délé. Á sùn lọ."

Àwa náà, ọlọ́gbọ́n ìlú, a ní, "Òótọ́ ni, jàre!" A na ọrùn, a lajú kalẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀. Ọ̀pá tìróò kan ṣoṣo ni, láti ojú ìyá bọ́ sójú ọmọ, láti ojú Lèmọ́mù bọ́ sójú àwọn onísọ́ọ̀ṣì. A sì ń dúpẹ́! Ní àárín ojúlé kan sí èkejì, Atọpinpin a fi etí agbádá nu ọ̀pá náà, etí agbádá kan náà tó fi ń nu abẹ́ gógùlù.

"Baálé mi," Mojísọ́lá rọra wí, "ẹ ò bá fomi gbígbóná ṣan ọ̀pá yẹn."

"Ìwọ lo máa kọ́ mi ní wolé-wolé?"

Àdúgbò tó bá bẹ̀ wò lónìí, kò ní pẹ́ tí wọn á fi jí pẹ̀lú ojú pípọ́n. Inú Àlàó a dùn. "Ẹ ò rí i? Mo ti ń tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ tímọ́tímọ́!" Kò parọ́. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni. Àlàó ló ṣáájú.

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀pá náà kò dé: àtíbàbà Sìdíkátù. Atọpinpin ti mọ ẹni tó jẹ̀bi kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ó pe gbogbo ìlú jọ síwájú àtíbàbà náà. Baálẹ̀ jókòó. Àlàó wọ léèsì Kútọnu, funfun báláú.

"Ìyá Apólò rèé!" Ó na ìka sí Sìdíkátù. "Ó fọwọ́ kan orí yìí, ó fi kan tọ̀hún. Orí kò sì jìnnà sójú! Bàbá, ẹ lé e kúrò níbí lónìí."

Àwọn obìnrin tí Sìdíkátù ti ń dirun fún látọjọ́ yìí ń wo ilẹ̀. Àwa tó kù ń mi orí bí alángbá.

Sìdíkátù kúnlẹ̀. "Bàbá, bí ẹ bá gba ibí yìí lọ́wọ́ mi, kí ni màá fi bọ́ ìyá mi?"

"Àlàó," ni Baálẹ̀ wí, "fi hàn wá."

"Ó ti tán, Bàbá! Kí gbogbo ẹni tí Apólò mú bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹ ó rí i, oníbàárà ẹ̀ ni gbogbo wọn!"

La bá rọ́ sápá ọ̀tún. Ẹni tó síwájú ni Julius akọ̀wé, tí orí rẹ̀ ń dán bí igbá tí wọ́n fepo nù.

Baálẹ̀ wò ó títí. "Julius, irun wo nìwọ lọ dì?"

"Bàbá, irun tó ti kọ̀ mí sílẹ̀ ṣáájú ogun!"

"Èmi náà ò dirun o," ni Lèmọ́mù wí lábẹ́ láwàní.

Lápá òsì, Sìdíkátù àti ìyá rẹ̀ ló dúró, pẹ̀lú Ìdíátù àtàwọn bíi mélòó kan tí wọ́n wà nídìí irun dídì nígbà tí Atọpinpin ń yílé kiri. Ojú wọn mọ́ kedere.

Ìdíátù, ẹlẹ́nu bí abẹ, ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ gbà mí o! Ẹ wo àwọn ará ọ̀tún! Gbogbo wọn ló lé búlùú!"

A wo ara wa. Búlùú ni lóòótọ́. A dúró tò bí òròmọdìyẹ tí olówó wọn pa láró kí wọ́n má baà sọnù.

"Àlàó," ni Baálẹ̀ bi í, "ta ló ni àmì yìí?"

"Ààbò ni, Bàbá."

"Ààbò tó mú ẹni tó gbà á, tó fi ẹni tí kò gbà á sílẹ̀?"

Àlàó lanu láti fèsì, àṣé ojú tirẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń yún un. Ó yímú. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó gé ètè jẹ. "Apólò... tuntun... yìí..." Kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó já gógùlù dànù, ó ki ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì bọ ojú, ó ń fi họ ọ́ wàìwàì.

Nígbà tó sọwọ́ kalẹ̀, ojú ti wú, ó pọ́n ju tẹnikẹ́ni lọ, búlùú àti ipin sì ń ṣàn lọ sórí léèsì funfun.



"Baálé mi," ni Mojísọ́lá wí, "ṣé eruku Kútọnu náà nìyẹn?"

Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan dá orin níbẹ̀, a sì ń gbè é: *Atọpinpin, a-tọ-ipin! Ipin ara ẹ̀ ló ń tọ̀!*

Baálẹ̀ ní Sìdíkátù kò ní kúrò. Ọkọ̀ Ìjàpá ló sì máa kó gbogbo ará ọ̀tún lọ sílé ìwòsàn, títí ojú yóò fi mọ́. Ìjàpá tó ń wá ibùsùn, oorun dá lójú rẹ̀.

Bí Àlàó ti ń tá ràrà lọ síbi ọkọ̀, Sìdíkátù kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kòkòrò ojú á lọ, sà. Ojúkòkòrò ni n ò mọ oògùn ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú wa. A gbọ́wọ́ sójú láti nù ún. Ìgbà tí a wo ọwọ́, búlùú ni.