Ọwọ́ Méjì Tó Wà Lára Owó Idẹ

Ọdún mọ́kànlá ni Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì fi wá owó idẹ kan, owó àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí wọ́n ya ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú sí lára. Àfi bó ṣe yà sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó rí i nínú agolo ìṣó. Inú rẹ̀ dùn gan-an, àmọ́ ó ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

"Káfíńtà, kí lèyí?"

"Inú dúróà kan tó ti gbó ló ti jábọ́. Ṣé nǹkan gidi ni, Tíṣà?"

"Gidi kẹ̀? Irin lásán ni. Mú un wá, kí n bá ẹ dà á nù."

"Ẹ má ṣèyọnu. Wọ́ṣà tí màá fi sábẹ́ orí ìṣó ni mo kúkú ń wá."

Káfíńtà gbé owó náà lé pákó, ó fi ìṣó sí i láàárín, ó gbé òòlù sókè.

"Yéè! Má lu ú! Orí ọba ni!"

"Ọba wo?"

"Ọba Róòmù! Ṣé o ò rí adé ẹ̀ ni? Ìtànṣán oòrùn làwọn ṣóńṣó yẹn."

"Mo ṣe bí irun ẹ̀ ni ò rí ooyà." Ó yí i padà. "Ọlọ́pàá wá rèé lẹ́yìn, ó di ẹnì kan lọ́wọ́ mú."

Ó yẹ kí Tíṣà panu mọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣé ó lè rí àṣìṣe kó má tún un ṣe?

"Ọlọ́pàá kọ́! Ìrẹ́pọ̀ ni! Tí ọba àti aya ẹ̀ bá wà ní ìṣọ̀kan, irú èyí ni wọ́n ń rọ, kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé ààfin tòrò."

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Tọkọtaya? Kò síjà mọ́?"

"Rárá o! Ọ̀tún àti ọ̀tún nìyẹn. Ẹni tó na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ ò mú ohun ìjà dání."

Káfíńtà fi ẹ̀wù nu owó náà, ó tì í bọ àpò àyà.

"Ọjọ́ kẹrin rèé tí ìyàwó mi ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ láìfọhùn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ẹnu mi ò dùn. Èyí ni màá fún un."

"Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá a!"

"Irin lásán yẹn náà, Tíṣà?"

Tíṣà jókòó sórí àpótí. Ó dùn ún wọra.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè," ló ń kùn.

"Ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni káfíńtà bá a parí ẹ̀, ó ti ń tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, mi ò lè dá ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyàwó mi. Àmọ́ tó bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, Tíṣà, ẹ tètè máa lọ sílé yín o."