Bàbá Oyèkúnlé àti Ilẹ̀kùn Tó Ti Ara Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, kí á tó tilẹ̀kùn mọ́ olè, ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá inú ilé la wà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín. Àwọn kan nínú yín tiẹ̀ ti ń mi orí, bí ẹni pé ẹnu bàbá bàbá yín lẹ ti gbọ́ ọ. Irọ́ ni! Òwe náà kò tíì hu irùngbọ̀n. Kọ̀ǹpútà ló bí i, Ẹ̀rúwà sì ni wọ́n bí i sí. Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Bàbá kan wà ní Ẹ̀rúwà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Oyèkúnlé. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa di ẹnu àpò lẹ́tà, kó máa lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kó sì máa tì í mọ́ inú àpótí. Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì tí kò rí lẹ́tà tì mọ́, gbogbo ohun tó wà nílé ló bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ó ti géètì. Ó ti kànga. Ó fi àgádágodo sí ilé adìẹ, àfi bí ẹni pé àwọn adìẹ ti ṣètò ìrìn àjò. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ gan-an, onírin ni, ó sì ní kí wọ́n fi lọ́ọ̀kì tuntun sí i, irú èyí tó jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá ti lè pa dé báyìí, ó ti ti ara rẹ̀ nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé, "Bàbá Oyèkúnlé, lọ́jọ́ kan ẹ máa ti ẹnu yín, ẹ ò sì ní ríbi gbà jẹun."

Bàbá a ní, "Ìyá Oyèkúnlé, ẹni tó bá mọ iyì ohun tó ní ló ń ṣọ́ ọ."

Oyèkúnlé ọmọ wọn wà ní Kánádà. Ó ti pẹ́ tó ti gbé ìyàwó, ṣùgbọ́n ojú Ọlọ́run ni tọkọtaya náà ń wò. Ó wá di ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé ìyàwó Oyèkúnlé ti bí ọmọbìnrin làǹtì-lanti. Ẹ wo Bàbá! Ó jó yí kànga po, ó sì ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo àdúgbò wá pọn omi. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Oyèkúnlé sọ lórí fóònù pé, "Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọmọ lórúkọ. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́sí la ó fi máa rí ojú ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ o, torí gbọ̀ngàn tí a gbà, wọ́n á lé wa jáde tí àkókò bá tó. Tá ò bá rí yín, alàgbà ìjọ wa ló máa sọ ọ́ lórúkọ." Ó wá fi kún un pé, "Ẹ ṣọ́ra sí i náà o, Bàbá mi. Olè pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, méjì ni kò jẹ́ kí Bàbá jókòó jẹ́ẹ́. Àkọ́kọ́ ni ti alàgbà. Èèyàn rere ni alàgbà náà, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ló mọ̀ fún ọmọbìnrin, Dọ̀káàsì. Wọ́n ní tí èèyàn bá pe Dọ̀káàsì nínú ìjọ wọn, ìdajì àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ló máa dáhùn. Bàbá sì ti ní orúkọ tirẹ̀ lọ́kàn. Láti ọjọ́ tí Oyèkúnlé ti gbéyàwó ló ti ń tọ́jú orúkọ náà, tó ń gbé e sùn, tó ń gbé e jí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé nínú ìdílé wọn, a kì í pe orúkọ ọmọ kó tó di ọjọ́ kẹjọ. Ẹni tó bá ṣèèṣì pè é ti lá oyin ọmọ kí ọmọ tó tọ́ ọ wò.

Èkejì ni ti olè. Bí Bàbá ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ẹ̀rọ náà béèrè páásíwọọ̀dù tí ẹlòmíràn ò lè mọ̀. Kí ni ẹlòmíràn ò mọ̀ tó ju orúkọ ọmọ lọ? Òun ló tẹ̀ sí i. Ó tún já síbì kan tí ẹ̀rọ ti ń béèrè pé, tí wọ́n bá tan òun, níbo ni kí òun kọ́kọ́ wò kí òun tó jí? Bàbá ní inú fúláàṣì ni, ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ láti fi tọ́jú ohùn àti àwòrán, torí olè tó bá gbé kọ̀ǹpútà kò ní gbé fúláàṣì mọ́ ọn. Nígbà tó wá kan ọlọ́dẹ inú ẹ̀rọ, ìyẹn èyí tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọlọ́dẹ ń bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé kí n jẹ́ kí èyí kọjá? Bàbá ní rárá. Èyí ńkọ́? Rárá. Ayé dùn mọ́ Bàbá Oyèkúnlé. Àfi bíi pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ìyá Oyèkúnlé ti gbé oyin, iyọ̀ àti obì sórí tábìlì. Fóònù rẹ̀ ló ń fún kọ̀ǹpútà ní nẹ́tíwọ̀kì, nítorí náà ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Bàbá ki fúláàṣì bọ ẹ̀rọ. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló wà níbẹ̀, tó ń ki oríkì ìdílé wọn, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ọ. Ó tan ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Ìlà funfun kan ṣoṣo ló hàn níbẹ̀, kò sì lọ síbì kankan mọ́.

Bàbá pa á, ó tún un tàn. Dúdú kirikiri. Ló bá figbe ta. Ìyá Oyèkúnlé sáré lọ pe Síkírátù, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójúde wọn.

Síkírátù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fa fúláàṣì yọ. "Bàbá, inú èyí lẹ ní kó ti máa wá ohun tó máa jí i. Oríkì ló bá níbẹ̀. Oríkì ń jí èèyàn o, Bàbá, kò lè jí kọ̀ǹpútà." Ó tún un tàn, ẹ̀rọ sì jí. Orí Bàbá wú. Àmọ́ ẹ̀rọ béèrè ohun tó kàn.

"Bàbá, kí ni páásíwọọ̀dù yín?"

Bàbá ní, "Mi ò lè sọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́ síbì kan fún mi nígbà náà."

"A kì í kọ ọ́."

Ìyá Oyèkúnlé fura. "Bàbá Oyèkúnlé, ṣé kì í ṣe orúkọ obìnrin kan lẹ fi síbẹ̀?"

Bàbá kì í purọ́. "Orúkọ obìnrin ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé mo mọ̀ ọ́n?"

"O ò tíì fojú kàn án rí."

"Ṣé ó dàgbà tó mi?"

"Rárá o. Ó kéré sí ọ gan-an."

Ìyá Oyèkúnlé tú ìró, ó tún un ró le. Ọpẹ́lọpẹ́ Síkírátù tí ọ̀rọ̀ náà yé, tó bú sẹ́rìn-ín, tó ní, "Màmá, ọmọ-ọmọ yín ni wọ́n ń sọ!" Ìyá jókòó, ó fi ìdí ìró nu ojú. Bàbá ní kí àwọn méjèèjì kọjú sógiri, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ náà. Ẹ̀rọ ní kó máa wọlé.

Ṣé ẹ rò pé ó ti parí ni? Ó kù díẹ̀. Wọ́n pe Kánádà, kò lọ. Nẹ́tíwọ̀kì wà, ìpè ò lọ. Síkírátù wo ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ, ó dìde dúró.

"Háà! Bàbá, kò sóhun tẹ́ ò tì mọ́lé. Aago inú ẹ̀rọ pàápàá, tó fẹ́ lọ wo iye tí aago lù, ẹ ò jẹ́ kó jáde!"

"Kí ni aago ń wá lóde?"

"Ìpè Oyèkúnlé náà bẹ̀ yín kẹ́ ẹ jẹ́ kóun wọlé, ẹ ní rárá. Ẹni tẹ́ ẹ ń retí lẹ tilẹ̀kùn mọ́! Ẹ tún páásíwọọ̀dù yín tẹ̀, ká sọ fún ọlọ́dẹ kó ṣílẹ̀kùn fún ìpè nìkan."

Bàbá ti rí i pé ọrùn Ìyá Oyèkúnlé ń gùn bọ̀ ní gbogbo ìgbà tóun bá fẹ́ tẹ orúkọ. Ó ní kí àwọn méjèèjì bọ́ sóde. Síkírátù ń ti ẹnu ọ̀nà sọ ohun tó máa ṣe, òun náà ń ṣe é. Ó tẹ orúkọ. Ó ní kí ọlọ́dẹ jẹ́ kí ìpè kọjá. Ọlọ́dẹ gbà! Inú Bàbá dùn, kò mọ ìgbà tó sáré jáde lọ bá wọn. "Ó ti ṣí o! Ó ti ṣí!"

Atẹ́gùn fẹ́. Ilẹ̀kùn onírin pa dé, gbàm! Ó ti ara rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà wà nínú yàrá. Fóònù wà nínú yàrá. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì.

Ìyá ní, "Kọ́kọ́rọ́ èkejì ńkọ́?"

Ohùn Bàbá kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí olè má bàa rí i." Inú kọ́bọ́ọ̀dù wo? Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá náà ni.

Ìgbà yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kánádà ń pè! Bàbá gba ẹ̀yìn ilé sáré dé ojú fèrèsé, ó di irin ojú fèrèsé mú. Ó ń wo ẹ̀rọ lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò. Ó ní, "Ọmọ mi á di Dọ̀káàsì! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é!" Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fi í pamọ́.

Ìdí igi ọsàn ni Ìyá Oyèkúnlé sáré lọ, ó gbé gọ̀gọ̀ tí wọ́n fi ń já ọsàn dé. Ó kì í bọ àárín irin fèrèsé. Síkírátù ní, "Bọ́tìnì ńlá apá ọ̀tún, Màmá! Ẹ rọra o!" Gọ̀gọ̀ kọ́kọ́ da àwo iyọ̀ nù. Ó tún gún obì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ba bọ́tìnì.

Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kedere. Gbọ̀ngàn kan hàn, èrò kún inú rẹ̀. Alàgbà ti gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ti gbójú sókè, ó ní, "Níwọ̀n bí a kò ti rí bàbá àgbà, ọmọ yìí, orúkọ rẹ yóò máa jẹ́ Dọ̀—"

"AYỌ̀WỌLÉ!"

Ìró igbe náà dé ọjà. Adìẹ ké nínú ilé wọn. "Ayọ̀wọlé ni! Ayọ̀wọlé lorúkọ rẹ̀! Ayọ̀ ti wọlé wa, kò ní jáde mọ́ láé!"

Ọmọ náà lajú lọ́hùn-ún. Gbọ̀ngàn ṣe àmín, ẹ̀yìn ilé náà ṣe àmín, torí àwọn aládùúgbò ti kóra jọ sẹ́yìn Bàbá. Oyèkúnlé ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Alàgbà sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó rí bàbá arúgbó tó di irin mú, tí ojú rẹ̀ kún fómi, ó rí igi gbọọrọ kan tó yọ sí i, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Bàbá ti ń bá wa sọ̀rọ̀ ni?"

Ìyá Oyèkúnlé ló dá a lóhùn. "Rárá, alàgbà. Ilé ara wa ni. Ayọ̀ ló wọlé, Bàbá ló wà níta."

Ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó rọlẹ̀ ní Ẹ̀rúwà àti ní Kánádà. Wọ́n ní alàgbà bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi jẹ́ kó fi Dọ̀káàsì tirẹ̀ ṣe ìkejì. Nígbà tí àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń jó irin, wá gé ilẹ̀kùn, Bàbá kọ́kọ́ wọlé lọ fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ayọ̀wọlé lójú ẹ̀rọ, ó sì fi ohùn ìyá rẹ̀ tó ń ki oríkì sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ tú àgádágodo ilé adìẹ. Páásíwọọ̀dù nìkan ló kù tó pààrọ̀, níwọ̀n bí gbogbo Ẹ̀rúwà ti mọ ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó tẹ tuntun, ó so kọ́kọ́rọ́ yàrá mọ́ ọrùn, ó fọwọ́ kan ògiri lọ́tùn-ún, ó fọwọ́ kan ògiri lósì, ó wá kígbe pe ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Oyèkúnlé! Jọ̀ọ́, bá mi wò ó, ṣé inú ilé ni mo wà?"

Ìyá Oyèkúnlé dáhùn láti ilé ìdáná, ẹnu rẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti gbé e tí wọ́n fi ń pa á dòní: kí á tó tilẹ̀kùn mọ́ olè, ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá inú ilé la wà.