Kọ̀ǹpútà Bàbá Fárónbí àti Iyán Inú Ewé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ṣé ẹnì kan nínú yín mọ ohun tó sún àwọn àgbà débi tí wọ́n fi ń sọ pé, bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò pé àwọn ará ìgbàanì tí kò ní odó ló dá a sílẹ̀. Rárá o. Odó wà nílé lọ́jọ́ náà. Ìkòkò mẹ́ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà ló gba gbogbo wọn.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Fárónbí. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní bíréèkì, á gé táyà àtijọ́ mọ́ ọn. Èyí tí ìjókòó rẹ̀ ti já, á fi àpò sìmẹ́ǹtì dì í, ẹni tó ni ín á sì gùn ún lọ sóko. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀: "Ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣe, ọwọ́ èèyàn á rí i tún ṣe." Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ títí, ó ti sú u.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Oyèyẹmí. Òun náà wà ní Kánádà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tiwalọlá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ òkè òkun ṣe máa ń rí lórí fóònù. Á ní, "Ẹ káàsán, Bàbá àgbà," kí bàbá tó dáhùn, ó ti sá lọ, ó ti gbé fóònù sílẹ̀, àjà ilé nìkan ni bàbá ń rí. Ọdún méjì gbáko ló fi ń kí àjà ilé.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló pè. Yorùbá rẹ̀ ń tiro bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé wọn. Ó ní òun ní oko kan nínú géèmù, oko tí èèyàn ti lè gbin nǹkan, kó sin ewúrẹ́, kí àwọn tó jìnnà síra wọn sì jọ pàdé níbẹ̀. Ó ní òun ti kọ́ ilé kékeré kan síbẹ̀ fún Bàbá àgbà, kó wá wò ó. Inú bàbá dùn débi pé ó lọ dé fìlà kó tó dá a lóhùn.

Kọ̀ǹpútà àlòkù kan wà nílé tí Oyèyẹmí fi ránṣẹ́. Ó ti darúgbó, kò lè gbé Wíndòsì, ètò tí gbogbo ayé fi ń darí kọ̀ǹpútà, mọ́. Ṣẹ̀gilọlá, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Iléṣà, ló bá wọn yọ Wíndòsì kúrò, tó fi Línúùsì rọ́pò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, Línúùsì dára. Ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo, ẹni tó bá sì fẹ́ lè tú u palẹ̀ kó tún un tò. Ìyẹn ló jẹ́ kí bàbá fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó dà bíi kẹ̀kẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe géèmù ọmọ yìí, Wíndòsì ni wọ́n ṣe é fún. Ó dà bí ìgbà tí oníwàásù dé láti ọ̀nà jíjìn, tí ìjọ kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ ní láti fi ògbufọ̀ sáàárín. Ṣẹ̀gilọlá ní ètò kan tó ń ṣe ògbufọ̀ wà, òun sì ti fi sí i, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ náà a máa gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí wọ́n dá, géèmù ṣí, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Sọ́ńdè kejì, ó ṣí, ó kí bàbá káàbọ̀, ó kú. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Tiwalọlá dúró nínú oko tí kò rí ẹnì kankan. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn sọ pé, "Bàbá àgbà, bí ẹ ò bá wá ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, màá fi ilé yẹn fún ewúrẹ́ mi. Ó fẹ́ẹ́ bímọ, kò níbi tó máa sùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá lára. Kì í ṣe ti ilé. Ohùn ọmọ náà ni. Ó dà bí ohùn ẹni tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé láìretí èèyàn.

Sọ́ńdè kẹta pé. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àdéhùn, agogo méjì ni bàbá ti jókòó. Àṣàbí wà ní ilé ìdáná, iṣu ń hó lórí iná, ó ń bó ẹ̀pà tó fẹ́ gbìn. Nẹ́tíwọ̀kì kò wọlé. Ibi kan péré tó ti máa ń wọlé ni ojú fèrèsé, ní ìwọ̀n ìbàdí èèyàn. Àga kéré jù, tábìlì kò ṣeé gbé. Bàbá wọ ilé ìdáná, ó gbé odó jáde, ó dojú rẹ̀ dé síbi fèrèsé, ó gbé kọ̀ǹpútà lé ìdí rẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Nígbà tí fèrèsé ń padé, ó fi ọmọ odó há a.

"Bàbá Oyè," ni Àṣàbí wí, "kí ni mo fẹ́ fi gúnyán?"

"Ní sùúrù. Kò ní pẹ́."

"Ohun tí ẹ sọ fún tíṣà nìyẹn nígbà tí ẹ tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì kó tó gùn ún."

Géèmù ṣí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ara kọ̀ǹpútà gbóná, ó kú. Bàbá pe Ṣẹ̀gilọlá.

"Ooru ló ń mú un, Bàbá," ni Ṣẹ̀gilọlá wí. "Iṣẹ́ ògbufọ̀ le. Ẹ wá nǹkan tútù sábẹ́ rẹ̀."

Bàbá bu omi kànga kún ìkòkò ọbẹ̀, ó fi tíréè dé e, ó gbé e lé odó, ó wá gbé kọ̀ǹpútà lé e.

"Ìkòkò ọbẹ̀ mi nìyẹn," ni Àṣàbí wí.

"Kò sí ọbẹ̀ nínú rẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó sí."

Géèmù tún ṣí, ó dúró, ṣùgbọ́n ó ya odi. Kò dún rárá. Bàbá ní kò burú, fóònù ni òun máa fi gbọ́ ohùn ọmọ náà. Etí rẹ̀ kò sì mú tó ti àtijọ́, ló bá gbé fóònù sínú ìkòkò kékeré kí ohùn lè máa ró jáde. Àṣàbí ń bó ẹ̀pà lọ.

Agogo mẹ́rin ku díẹ̀ ni òjò dé. Òrùlé jò, ẹ̀kán kan bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, òmíràn tẹ̀ lé e. Bàbá sáré wọ ilé ìdáná.

"Ṣé iṣu ti jinná?"

"Ó ti jinná. Kí ló—"

Kó tó parí ọ̀rọ̀, bàbá ti ro omi iṣu dànù, ó ti da iṣu sórí ewé gbọ̀dọ̀gì tó wà nílẹ̀, ó ti gbé ìkòkò kẹta lọ gba omi òjò. Láti ìgbà yẹn, kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Ó kàn ń gbọ́ gbì, gbì láti ilé ìdáná, ìró tí kò jọ ti odó. Nígbà tó ṣe, òórùn epo bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán.

Agogo mẹ́rin lù. Oko yọ. Igi ibẹ̀ pọ́n bí ata, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ di àpótí kéékèèké, ẹnì kan sì dúró láàárín oko: aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ wà, ẹsẹ̀ wà. Orí ò sí.

Ohùn Tiwalọlá ró nínú ìkòkò. "Bàbá àgbà, ẹ ti dé. Orí yín dà?"

Bàbá wo àwòrán ara rẹ̀ nínú géèmù dáadáa. "Orí wà nílé níbí," ló wí. "Òun ló ń wò ẹ́."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ìkòkò fi ń gbọ̀n. Ó mú bàbá lọ wo ilé rẹ̀. Ewúrẹ́ ti jókòó síbẹ̀.

"Mo rò pé ẹ ò ní wá mọ́," ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́.

"Jẹ́ kó dúró. Ẹni tó fẹ́ bímọ, a kì í lé e síta nínú òjò."

Bàbá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Kò sí iṣu nínú oko yẹn, ọ̀dùnkún ni wọ́n gbìn. Ọmọ náà ń béèrè, bàbá ń dáhùn, fún odindi wákàtí kan. Bàbá ò rí àjà ilé lọ́jọ́ náà.

Nígbà náà ni Àṣàbí gbé oúnjẹ dé. Iyán wà nínú ewé, ìdí ìgò ló fi gún un. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí atẹ, èèpo ẹ̀pà tò lọ rẹrẹ, bí ọgọ́ta, ọbẹ̀ ẹ̀kán kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹja bíi orí abẹ́rẹ́ lórí rẹ̀. Inú eérú gbígbóná ló ti sè é.

"Àṣàbí, o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo se é dé ogún, mo tọ́ ọ wò, ó dùn."

Wọ́n jókòó ti odó. Wọ́n á bu òkèlè, wọ́n á tì í bọ inú èèpo, wọ́n á ju èèpo gba ojú fèrèsé. Tiwalọlá ń bi wọ́n láti inú ìkòkò pé kí ni wọ́n ń jẹ tó ń dún kẹ́kẹ́ báyìí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é, ó ní, "Sọ́ńdè tó ń bọ̀, Bàbá àgbà?" Bàbá ní, "Sọ́ńdè tó ń bọ̀." Ẹnu ọmọ náà ni ìbéèrè ti kọ́kọ́ jáde, ẹ kíyè sí i.

Kò pẹ́, Ṣẹ̀gilọlá pè. "Bàbá, ògbufọ̀ tuntun ti jáde. Ó lè dá orí yín padà. Ṣùgbọ́n a máa tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, mi ò sì lè búra pé ó máa ṣí mọ́."

Ọwọ́ bàbá yún un. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, ẹni tó fi ogójì ọdún tú nǹkan palẹ̀. Ó wo ọkùnrin tí kò ní orí. Ó wo atẹ tí èèpo ti tán lórí rẹ̀. Ó wo Àṣàbí tó ń lá ìka.

"Ọmọ mi, fi orí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. "A ti yó."

Títí dòní, Bàbá Fárónbí ò ní orí nínú oko yẹn, ewúrẹ́ ti bí mẹ́ta sórí ibùsùn rẹ̀, odó ò sì tíì kúrò lójú fèrèsé. Gbogbo Sọ́ńdè ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.