Àpèkọ Tí Mi Ò Pè

Ọjọ́ àpèkọ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, mo fẹ́ mo kọ̀. Tíṣà pírámárì kẹrin ni mí nígbà náà, ní iléèwé aládàáni kan l'Ájégúnlẹ̀. Pákó ni wọ́n fi kan kíláàsì wa, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀nà tí tírélà ń gbà lọ s'Ápàpá. Bí mo bá pe "àgbàdo", "àgbá" làwọn ọmọ ń kọ, torí tírélà tó kó àgbá ni wọ́n ń wò.

Màdámù tó ni iléèwé kìlọ̀ fún mi: "Tíṣà, báwọn ọmọ yìí bá tún fìdí rẹmi, kẹ́ ẹ wáṣẹ́ míì o."

Ni mo bá yí gbogbo bẹ́ǹṣì padà, àwọn ọmọ kẹ̀yìn sí fèrèsé. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn! Ohunkóhun tó bá ti ẹnu mi jáde, ẹ kọ ọ́!" Kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ò rò ni pé, bọ́mọ bá kẹ̀yìn sí fèrèsé, tíṣà ló kọjú sí i.

Mo pe gbólóhùn kìíní: "Adé ra ìwé tuntun." Kí n tó pe ìkejì, mo rí tírélà kan tó ń rífáàsì bọ̀ níbi tí mo gbé ọ̀kadà mi sí. Ọ̀kadà tuntun! Mo figbe ta: "Dẹrẹba, dúró! Ojú ẹ fọ́ ni? Yéè! Ó ti gorí ẹ̀! Mo gbé!"

Màdámù sáré wọlé, ó ṣe bí ọmọ ló ṣubú. Kò sọ́mọ tó gbórí sókè. Wọ́n ń kọ̀wé ni. Ó mú ìwé ọ̀kan, ó kà á sókè: "'Adé ra ìwé tuntun. Dẹrẹba, dúró. Ojú ẹ fọ́ ni…' Tíṣà! Kí lèyí?"

Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Sà, 'yéè' yẹn, ṣé e méjì ni àbí mẹ́ta?"

Màdámù yẹ gbogbo ìwé wò. Kò sẹ́ni tó ṣì í kọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Àwọn ọmọ yege. Tíṣà nìkan ló fìdí rẹmi."

Kò lé mi. Káfíńtà ló pè, kó gbé fèrèsé náà sókè, kí atẹ́gùn máa wọlé, kí tírélà dúró síta. Mo dúpẹ́ lórúkọ àwọn ọmọ. "Àwọn ọmọ kẹ̀?" ló ní. "Nítorí yín ni."

Látìgbà náà, kí n tó bú ọmọ tí ò fojú síwèé, mo máa ń kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀, kí n wo ohun tó ń wò.

Ọ̀kan nínú wọn ti di géńdé báyìí. Bó bá pàdé mi n'Íjọra, á dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, bó bá wá jìnnà díẹ̀, á ní, "Sà! Mo gbé!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹnu mi ló kúkú ti jáde.