Ẹsẹ̀ Aláró ní Òkè-Ẹlú

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹsẹ̀ tó sá fún iwin ló ń gbé ojú padà wá wò ó? Ẹ má wulẹ̀ mirí sí mi. Ẹ ti rò pé inú igbó ni òwe yẹn ti jáde, pé ọdẹ kan ló pàdé nǹkan lábẹ́ ìrókò. Kò sí ọdẹ níbẹ̀, kò sì sí ìrókò. Ìdí aró ni òwe yìí ti wá, láti ọwọ́ ọmọbìnrin kan tó ká aṣọ tútù.

Ní ìlú Òkè-Ẹlú, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Adúnbí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Wọn á ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ rò, wọn á fi ya àwòrán sára aṣọ funfun, wọn á sá a títí ẹ̀kọ yóò fi gan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ráyè wọ ibẹ̀. Tí wọ́n bá ha ẹ̀kọ kúrò, àwòrán á yọ ní funfun láàárín aró.

Àwẹ̀ró ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti lo ọdún márùn-ún nídìí iṣẹ́, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kó gba òmìnira. Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Adúnbí ní, àfi bí ẹni pé oúnjẹ ni, ojoojúmọ́ ló ń gbé e síwájú ọmọ náà: "Ẹni tó bá ká aṣọ kí ẹ̀kọ rẹ̀ tó gbẹ, ìdí ìkòkò ló ń padà sí. Ọdún méjì ni yóò fi fọ̀ ọ́. Kò ní í fọwọ́ kan ìyẹ́ mi."

Lọ́jọ́ kan, Balógun ìlú gbé iṣẹ́ wá. Ògúnṣakin lorúkọ rẹ̀. Ìka mẹ́rin ló kù lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní ojú ogun lòun fi ìkarùn-ún sílẹ̀ sí, ìyàwó rẹ̀ sì ní ọkọ́ ló gé e. Aṣọ ìbora ló fẹ́, kí wọ́n ya ẹyẹ àti ewé ẹ̀gẹ́ sí i. Ìyá Adúnbí gbé aṣọ náà fún Àwẹ̀ró.

"Èyí ni aṣọ òmìnira rẹ. Mò ń lọ kí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kí n tó dé, kó ti wà lórí okùn."

"Á wà níbẹ̀, mà."

Àwẹ̀ró ya ẹyẹ mẹ́rìndínlógún, ó fi ewé yí wọn ká, ó ya ilà bí àkàbà sí etí aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó sá a sínú oòrùn, ó jókòó tì í. Òjò kàn ṣú lójijì ni, kò fún ẹnikẹ́ni láyè. Ọmọ náà dìde, ó gbá aṣọ mú, ó ká a sí méjì, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ó sì sá wọlé. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀ yẹn.

Nígbà tó tú u, ẹ̀kọ apá ọ̀tún ti lẹ̀ mọ́ apá òsì, apá òsì sì ti lẹ̀ mọ́ apá ọ̀tún. Ó rí i pé ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bó ṣe bàjẹ́ tó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Aró á bò ó." Aró kì í bo nǹkan. Aró gan-an ni í tú àṣírí.

Ó rì í, ó sá a, ó tún un rì. Ó ń ha ẹ̀kọ kúrò díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀, ibi tó ń ha nìkan ló ń wò. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ló tó na aṣọ náà sórí okùn ní àgbàlá, tó sì sún sẹ́yìn wò ó.

Ẹyẹ ti gun orí ẹyẹ. Àgógó méjì-méjì ti para pọ̀ di ẹnu tí kò lè pa dé. Ìyẹ́ apá wọn ti di etí. Ewé ẹ̀gẹ́ ti di ọwọ́ mẹ́jọ, ìka méje ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Àkàbà ti di eyín. Láàárín gbogbo rẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò ọmọ náà ti nu ẹ̀kọ kúrò, ojú méjì dúdú ń wò ó, wọn ò ṣẹ́jú.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń ronú nípa ìkòkò tó máa fọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni Lámọ́dì ẹlẹ́mu. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ará ilé," ló ń wí bọ̀, ó gbójú sókè, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí aṣọ. Nǹkan náà mí. Lámọ́dì rọra gbé agbè ẹmu rẹ̀ sílẹ̀, ó fara balẹ̀ wò ó pé kò ní í ṣubú, ó wá sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá ìkòkò aró tó wà lẹ́nu ọ̀nà, aró sì dà kún gbogbo ẹnu ọ̀nà náà.

Ariwo rẹ̀ ló mú Ṣíjúwọlá onídìrí wá, tòun ti òòyà lọ́wọ́. Òun náà wò ó. Òun náà gba inú aró jáde. Ìyẹn ló mú Balógun wá, tòun ti idà.

"Ta ló ń dẹ́rù ba ìlú tí mò ń ṣọ́?"

Afẹ́fẹ́ tún dé, nǹkan náà sì la ọwọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí i bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ àna rẹ̀. Balógun lọ. Bàtà rẹ̀ kò bá a lọ. Méjèèjì dúró síbi tó ti dúró, wọ́n kọjú sí aṣọ.

Àwẹ̀ró rò pé ó parí. Kò pẹ́ tí Lámọ́dì fi yọjú.

"Agbè mi ni mo gbàgbé."

Ó dúró ti agbè náà títí, ojú rẹ̀ wà lára aṣọ. Ó gbé e, ó lọ. Ó tún padà, ó ní òun ò rí ìdérí rẹ̀. Ṣíjúwọlá wọlé, ó ní òun ń wá òòyà. Òòyà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Balógun padà wá mú bàtà, ó mú ẹyọ kan, ó lọ. Ó padà wá mú èkejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí idà òun, ó sì fi ọwọ́ lé èkù rẹ̀ bó ṣe ń béèrè. Nígbà tí oòrùn fi ga, àgbàlá ti kún. Baálẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá.

Ìyá Adúnbí dé, ó la àárín èrò kọjá, ó wo aṣọ.

"Àwẹ̀ró."

"Mà."

"O ká a ní tútù."

"Mo ká a ní tútù, mà."

"Gbé ìyẹ́ mi wá."

Ọmọ náà gbé e fún un. Balógun rí i pé ojú gbogbo ìlú wà lára bàtà tí òun gbé lọ́wọ́, ó gbóhùn sókè. "Ìyẹ́ nìkan kò tó. Ọmọ yìí kó iwin wọ̀lú. Ẹ pe Baálẹ̀. Kí wọ́n sun aṣọ yìí, kí ọmọ náà má sì fọwọ́ kan ẹ̀kọ mọ́ títí láé."

Ìyá Adúnbí yíjú sí i. Ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ náà kò ju ọdún méjì lọ.

Wọ́n gbé Baálẹ̀ wá. Ṣòkòtò kékeré ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, agbádá tó ń wọ́lẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀ nínú oòrùn. Ó jókòó lórí àpótí, ó kó aṣọ bo ẹsẹ̀.

"Ta ni nǹkan yìí dẹ́rù bà?"

Kálukú ń wo aládùúgbò rẹ̀.

"Lámọ́dì, wọ́n ní o sá."

"Èmi kẹ̀? Mo rántí pé mo fi igbá sórí ọ̀pẹ ni."

"Ṣíjúwọlá?"

"Orí èèyàn ni mo dì dé ìdajì, Baálẹ̀. Ó yẹ kí n parí rẹ̀."

"Balógun?"

"Balógun kì í sá. Mo fẹ́ gba ẹ̀yìn yọ sí i ni."

"Ẹ̀yìn ibo?"

"Ẹ̀yìn ilé mi."

Baálẹ̀ mi orí jẹ́ẹ́jẹ́. "Bí kò bá dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, nítorí kí ni a ṣe fẹ́ sun ún?"

"Ó dẹ́rù ba ìlú," ni Balógun wí. "Èmi nìkan ni kò bà."

Ilẹ̀ ni Àwẹ̀ró tẹjú mọ́ látàárọ̀ nítorí ìtìjú, òun ló sì kọ́kọ́ rí i. "Baálẹ̀, ẹ forí jì mí. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

Aró tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, bí omi ewé ló rí. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun tẹ nǹkan. Ní báyìí, ẹsẹ̀ gbogbo àgbààgbà Òkè-Ẹlú ti dú dé ọrùn ẹsẹ̀, omi àti ọṣẹ kò sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìyá Adúnbí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ka ipa ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń ka ilà àdìrẹ. "Èyí jáde, ó jìnnà síra, ó ń sáré. Ó padà wọlé, orí ìka ló fi rìn. Oníka mẹ́rin nìyí. Ó sá jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ́ wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Balógun wo òkè bí ẹni tó ń wá òjò.

"Ti ta wá nìyí?" ni Ṣíjúwọlá béèrè. Ipa ẹsẹ̀ ńlá kan gba inú aró, ó sá lọ, ó padà, ó lọ dúró lẹ́yìn ògiri níbi tí ihò wà. Ibẹ̀ ló pẹ́ sí jù. Wọ́n fi ẹsẹ̀ Lámọ́dì wọ̀n ọ́n, kò bá a mu. Wọ́n fi ti Balógun wọ̀n ọ́n, ìka kan lé. Ṣíjúwọlá wá kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Baálẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹ dákun, ẹ sún agbádá yín sókè díẹ̀."

Baálẹ̀ ò mira. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ aṣọ látàárọ̀ ló bá wọn ṣí i. Ẹsẹ̀ méjèèjì dú fún aró.

Ó wo ẹsẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dájọ́ ara rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tó sá fún iwin ló ń gbé ojú padà wá wò ó. Ẹni tó bá sá tí kò padà, kó wá pe ọmọ yìí lẹ́jọ́. Ẹni tó bá padà wá wò, kò ní ẹjọ́. Oníbàárà ni."

Wọ́n wá olùpẹ̀jọ́ títí, wọn ò rí.

Ìyá Adúnbí ká aṣọ náà kúrò lórí okùn. "Balógun, ẹ má bínú. Màá rì í padà, kó dú pátá. A ó ya òmíràn fún yín, ẹyẹ gidi."

Balógun gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹyẹ wà lórí igi," ló wí, ó fi aṣọ borùn, ó lọ.

Lọ́jọ́ náà, Lámọ́dì béèrè fún ọ̀kan tí eyín rẹ̀ yóò pọ̀ ju èyí lọ. Ṣíjúwọlá fẹ́ oníwo, kí wọ́n di irun fún un. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pé òun fẹ́ èyí tí yóò máa wo ẹ̀yìn. Ìyá Adúnbí ti ìyẹ́ padà sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Mo fi ọjọ́ tó kù jì ọ́. Ṣùgbọ́n wàá fọ ìkòkò tí wọ́n gbá yẹn."

"Mo gbọ́, mà."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni aró fi wà lẹ́sẹ̀ wọn. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó lè sọ ní Òkè-Ẹlú pé òun ò sá, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò padà. Bí ẹ bá wá rí àgbàlagbà tó ń bú ère oníwo, tó ń sọ pé irú nǹkan wo nìyí, tó sì ń fi àárín ìka ọwọ́ yọjú wò ó, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ rọra wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó sá fún iwin ló ń gbé ojú padà wá wò ó.