Koríko Iwájú Ilé Baálẹ̀ Gbọ́dọ̀ Fi Ìlú Sílẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Orò, ẹni tó ń yan gààrí, ẹ jẹ́ kó jóná díẹ̀! Baálẹ̀ Láṣebíkan ló rán mi. Ó ní kí n kí yín. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ koríko òyìnbó tó tẹ́ bí ẹní níwájú ilé Baálẹ̀. Ó gbìn ín kí ẹni tó bá wá dọ̀bálẹ̀ má baà fi aṣọ kó eruku. Ó dára! Àmọ́ koríko yìí ń mumi! Garawa ogún láàárọ̀, garawa ogún nírọ̀lẹ́! Ọ̀dá dé, kò dín in kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti so okùn kànga ìlú mọ́ òmíràn, síbẹ̀ ẹrẹ̀ là ń fà jáde.

Lọ́jọ́rú, àwọn obìnrin wá kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀. Wọ́n kan to kẹ́ẹ̀gì òfìfo sórí koríko, wọ́n lọ sílé. Kẹ́ẹ̀gì mọ́kànléláàádọ́rin! Baálẹ̀ ò lè jẹun. Ó ń rò ó pé tí koríko bá lọ, ta ni yóò tún dọ̀bálẹ̀ fún òun? Nígbà tó di Ọjọ́bọ, ó pàṣẹ.

Àṣẹ kìn-ín-ní: Koríko òyìnbó ti di àlejò tó mu omi onílé tán. Kó fi ìlú sílẹ̀ kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀! Kó fi ìlú sílẹ̀! Ẹni tó bá fi í pamọ́ sẹ́yìnkùlé, òun àti koríko ni yóò jọ lọ.

Àṣẹ kejì: Ọ̀pẹ òyìnbó àti ahọ́n erin ni kó gba ipò rẹ̀. Òyìnbó ni ọ̀pẹ náà ń jẹ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀mumi! Ẹ wo ewé rẹ̀: ó tẹ̀ bí páànù tí a fi ń gbe òjò. Ìrì tó bá bọ́ sí i, ìdí ló ń ṣàn lọ. Ahọ́n erin ní tirẹ̀ ń fi ewé ṣe àmù. Ẹ fi èèpo ẹ̀pà bo ìdí wọn, kí oòrùn má rí ilẹ̀ lá.

Àṣẹ kẹta: Bí wọ́n bá ti mú ilẹ̀ tán, ẹni tó bá tún bu omi kànga rin wọ́n, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín wọn! Àyà ni yóò fi lé ẹ̀gún!

Àṣẹ kẹrin: Nítorí ẹ̀gún yìí kan náà, ìdọ̀bálẹ̀ ti dópin níwájú ilé Baálẹ̀. Ẹ tẹríba lórí ìdúró. Ó dun Baálẹ̀. Ó dùn ún gan-an!

Àṣẹ karùn-ún, ẹ farabalẹ̀. Láàárọ̀ yìí, Baálẹ̀ hú koríko díẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbin ọ̀pẹ àkọ́kọ́. Kó lè wò ó bóyá ìdí rẹ̀ dúró dáadáa, ó fi àyà lélẹ̀. Ìgbà náà ni Ìyá Ẹfúnbọ̀wálé, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ń ti kànga bọ̀, tòun ti omi tó mọ́ gaara, àkọ́kọ́ láti oṣù kan, torí a ò bu omi rin koríko mọ́. Ìyá rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Ìyá ní kí ọmọ òun dìde, yóò dàgbà, yóò darúgbó.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún Ìyá pé Baálẹ̀ ni! Ẹni tó bá sọ ọ́, ẹ padà sí àṣẹ kẹta. Baálẹ̀ ti ṣe àmín.

Etí tó gbọ́, kó ta etí kejì lólobó. Mo ti fo ilé Ìyá dá. Agogo wọlé o!